Olè ń yọ wá lẹ́nu l'Óṣogbo: kí ni káńsù ń ṣe?

Ayálégbé:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Lóṣù tó kọjá, wọ́n gba ẹ̀yìnkùlé wọ ilé wa lóru. Wọ́n kó fóònù, wọ́n tú bátìrì sólà lándílọ́ọ̀dù lọ, wọ́n sì jẹ ọbẹ̀ tó wà lórí sítóòfù kí wọ́n tó jáde. A dé tésàn láàárọ̀, wọ́n ní mọ́tò àwọn kò lépo. Ní báyìí, ẹgbẹ́ onílé ti ní kí yàrá kọ̀ọ̀kan máa dá owó ọlọ́dẹ lóṣooṣù.

Mi ò ní n kò níí san. Ṣùgbọ́n káńsù ń gba owó ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ ìyàwó mi, wọ́n ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún àbúrò mi tó ń wa ọ̀kadà. Kí ni wọ́n ń fi owó yẹn ṣe? Ṣé ọ̀rọ̀ olè tiẹ̀ kàn wọ́n, àbí gómìnà àti ọlọ́pàá nìkan ló kàn? Lójú tèmi o, kí wọ́n kúkú fagi lé káńsù, kí wọ́n fi owó rẹ̀ gba ọlọ́dẹ kún ọlọ́dẹ.

---

Baba Ìbejì:

Ẹ pẹ̀lẹ́, Ayálégbé. Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò. Mo ṣiṣẹ́ káńsù títí mo fi fẹ̀yìn tì, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo mọ̀ ọ́n dé.

Tí irú ọ̀rọ̀ yìí bá ṣẹlẹ̀, ohun méjì làwọn èèyàn máa ń sọ. Àwọn kan á ní káńsù kò ní ọlọ́pàá, kò kàn án. Àwọn yòókù á ní alága ni olórí ààbò ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀, kó lọ mú olè wá. Mi ò sí níbi kankan nínú méjèèjì. Káńsù kò lè mú olè. Òfin ilẹ̀ wa ti 1999, abala 214, ní ọlọ́pàá kan ṣoṣo ni Nàìjíríà ní, Àbújá ló sì ń darí wọn. Ẹ wá ṣí àfikún kẹrin nínú ìwé òfin kan náà, ibi tí wọ́n to iṣẹ́ káńsù sí. Ẹ óò rí ọjà àti páàkì, iná ojú títì, gọ́tà, títì àdúgbò, orúkọ títì àti nọ́ńbà ilé, ṣọ́ọ̀bù àti kíósì, títí dórí ibi tí wọ́n ti ń ta ọtí. Ẹ ò ní rí ìbọn kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín níbi tí olè yẹn dúró sí kí ilé yín tó sùn. Bí kì í bá ṣe inú òkùnkùn, á jẹ́ inú igbó orí ilẹ̀ tẹ́nì kan rà tí kò kọ́. Bí kì í bá ṣe ìyẹn, ilé àkọ́patì ni. Iṣẹ́ káńsù ni kí ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta má sí fún un.

Nítorí náà, tí ẹ bá fagi lé káńsù, ọlọ́dẹ tí ẹ gbà, inú òkùnkùn yẹn náà ni yóò ti máa fọn fèrè.

---

Ìyá Aláṣọ:

Ẹ ṣé, Baba Ìbejì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú ìwé lẹ ń sọ. Ọjà Ọba ni mo ti ń tajà. Tíkẹ́ẹ̀tì kì í yẹ̀. Ọmọ tó ń já a mọ orúkọ mi ju àna mi lọ. Àwa la ń dá owó ọlọ́dẹ alẹ́. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, tọ́ọ̀ṣì fóònù ni a fi ń palẹ̀ mọ́. Ibi tí òpó iná wà, òpó nìkan ló kù.

---

Baba Ìbejì:

Ìyá, òótọ́ lẹ sọ, ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ dé.

Iná ojú títì kì í kú nítorí pé kò sówó láti gbé e dúró. Owó wà fún gbígbé e dúró, nítorí pé wọ́n á pe àwọn oníròyìn, alága á gé ríbọ́ọ̀nù. Ohun tí kì í sówó fún ni oṣù kẹjọ lẹ́yìn rẹ̀. Láyé tí a ń fi jẹnẹrétọ̀ tan iná títì, epo dísù ló máa ń pa á. Èyí tí wọ́n bá so mọ́ wáyà IBEDC, iléeṣẹ́ mànàmáná, owó iná ló máa ń di àríyànjiyàn: ṣé káńsù ni yóò san án ni àbí ìjọba ìpínlẹ̀? Ní báyìí tí gbogbo rẹ̀ ti di sólà, bátìrì ni wọ́n ń jí, ẹ̀yin náà sì mọ ìgbà tí wọ́n máa ń jí i, ìgbà tó bá ti kú tí òpó ọ̀hún ti ṣókùnkùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè ni.

Ẹnì kan lè ní ṣé iná lè dá olè dúró ni. Wọ́n ti wò ó. Ní New York ní 2016, wọ́n fi iná ńlá kún àyíká àwọn ilé ìgbé ìjọba kan, wọ́n fi àwọn mìíràn sílẹ̀ bó ṣe wà kí wọ́n lè fi wéra. Ìwà ọ̀daràn ńlá tí wọ́n ń hù níta lóru dín kù ní nǹkan bí ìdá 36 nínú ọgọ́rùn-ún níbi tí iná dé. New York kì í ṣe Òṣogbo, mo mọ̀. Iná tiwọn kì í sì í lọ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Síbẹ̀, ẹni tó fẹ́ jáwọ́ nínú àpò ẹlòmíràn kò fẹ́ kí wọ́n rí ojú òun, ì báà jẹ́ ní Alekúwodò, ì báà jẹ́ lókè òkun.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọlọ́jà máa béèrè kì í ṣe "ẹ fún wa níná". Wọ́n á fún yín, á kú. Ẹ béèrè pé ta ni yóò máa tún un ṣe, iye wo ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún un nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún yìí. Tí káńsẹ́lọ̀ yín bá dákẹ́, ìdáhùn ti dé nìyẹn.

---

Ọmọ Òṣun ní Manchester:

Níbi tí mo wà níhìn-ín, káńsù ló ń bójú tó kámẹ́rà ìgboro, òun ló ń fún àwọn ilé ọtí níwèé àṣẹ, ó ń bá ọlọ́pàá ṣèpàdé. Òfin kan wà láti 1998 tó fi dandan lé e pé kí káńsù máa ro ọ̀rọ̀ ìwà ọ̀daràn mọ́ gbogbo iṣẹ́ tó bá ń ṣe. Kí ló dé tí tiwa kò lè rí bẹ́ẹ̀? Ẹ̀yin ilé, ẹ ti gba ìyà mọ́ra jù.

---

Baba Ìbejì:

Ọmọ Òṣun, àbọ̀ ọ̀rọ̀ la ń sọ fún ọmọlúàbí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán lọ́tẹ̀ yìí, torí "ẹ ti gba ìyà mọ́ra" yẹn dùn mí díẹ̀.

Òfin yẹn dára. Òun gan-an ni mò ń wí láti ìbẹ̀rẹ̀, pé ẹni tó ń fún ènìyàn níwèé ilé ọtí ti ń ṣiṣẹ́ ààbò, ì báà mọ̀, ì báà má mọ̀. Ṣùgbọ́n níbẹ̀ yẹn, owó káńsù tí ẹ ń san lọ́dọọdún wà, wọ́n mọ ilé tí ẹ ń gbé, ẹ̀yin náà sì mọ ẹni tí ẹ óò pariwo mọ́. Níhìn-ín, láti Àbújá ni owó ti ń wá, abala 162 sì ní kó kọ́kọ́ gba inú àpò àjọni tí ìpínlẹ̀ mú dání. Nígbà tó bá fi dé sẹkitéríàtì káńsù Òṣogbo ní Òkè-Baálẹ̀ tàbí ti Ọlọ́rundá ní Ìgbọ̀nà, owó oṣù àwọn tíṣà àti òṣìṣẹ́ ti gbé e mì. Ní July 11, 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kí owó káńsù máa lọ sọ́wọ́ káńsù tààrà. A jó, a yọ̀.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀ṣun? Àwọn alága kan wà tí wọ́n dìbò yàn ní October 2022, ilé ẹjọ́ fagi lé ìbò náà. Wọ́n dìbò mìíràn ní February 22, 2025, àwọn alága mìíràn jáde. Àwọn ti àkọ́kọ́ ní àwọn ni ilé ẹjọ́ dá pa dà. Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ìbò kejì yẹn, wọ́n jà ní àwọn sẹkitéríàtì, ẹ̀mí sọnù. Àwọn òṣìṣẹ́ káńsù jókòó sílé nítorí ẹ̀mí wọn, owó ìpín àwọn káńsù wa sì há sí Àbújá. Mi ò ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú kankan lórí èyí o, ẹ má dá a sílẹ̀ níbí. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni pé nígbà tí ọ́fíìsì bá wà ní títì, wolé-wolé kò jáde, ẹni tó yẹ kó yẹ páàkì wò kò jáde, igbó tí wọ́n ní kí wọ́n gé ń dàgbà. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sínú ìwé pé olè rí àǹfààní níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé ẹ̀bá àwọn ilẹ̀ òfìfo yẹn.

---

Fẹ̀yìntì Ọlọ́pàá:

Gbogbo àlàyé yìí gùn jù. Ẹ jẹ́ kí káńsù ní ọlọ́pàá tirẹ̀, ó tán. Ọmọ àdúgbò mọ ọ̀daràn àdúgbò. DPO, ọ̀gá tésàn, tí wọ́n gbé wá láti ìpínlẹ̀ mìíràn, kí ó tó mọ ọ̀nà Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, wọ́n á ti gbé e lọ síbòmíràn. Láyé àwọn bàbá wa, akódà, ọlọ́pàá ìbílẹ̀, wà, ìlú sì tòrò.

---

Baba Ìbejì:

Ọ̀gá, mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ yín. Ti DPO tí kì í pẹ́ kí wọ́n tó gbé e lọ yẹn, mo fara mọ́ ọn pátápátá. Ti akódà ni mi ò lè gbà.

Ìlú tòrò fún ta ni? Àwọn tó dàgbà tó láti rántí ìṣèjọba àkọ́kọ́ mọ̀ pé ẹgbẹ́ tó bá wà lórí àga ló ń lo ọlọ́pàá ìbílẹ̀ láti fi gbá àwọn tí kò bá ṣe tiwọn. Nígbà tí rògbòdìyàn ìbò tí wọ́n ń pè ní wẹ́tíẹ̀ bẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní 1965, wọ́n wà lára ohun tó da epo sí i. Nígbà tí àwọn ológun gbàjọba, wọ́n kó wọn wọ inú ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀ díẹ̀díẹ̀, àwọn ènìyàn kò sì sunkún wọn.

Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ fi ti ìgbà yẹn sílẹ̀. Ẹ mú February 2025 tí mo sọ lókè. Alága méjì, sẹkitéríàtì kan, àwọn méjèèjì ní ilé ẹjọ́ wà lẹ́yìn àwọn. Ẹ wá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ọgọ́rùn-ún ọlọ́pàá tó gbé ìbọn. Ẹ sọ fún mi bí òru ọjọ́ yẹn yóò ṣe rí ní Òkè-Baálẹ̀. Mi ò nílò àlàyé mìíràn lórí rẹ̀.

Ọlọ́pàá ìpínlẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, ẹ jẹ́ ká máa jà á lọ́jọ́ mìíràn. Àmọ̀tẹ́kùn pàápàá, tí wọ́n ṣí ní Ìbàdàn ní January 2020, ti ìpínlẹ̀ ni, kì í ṣe ti káńsù. Ẹ má lọ máa bá alága yín jà lórí ẹ̀.

---

Ayálégbé:

Ẹ ti gbé mi dé Manchester, ẹ ti gbé mi dé ayé wẹ́tíẹ̀. Ìpàdé onílé ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ṣé kí n san owó ọlọ́dẹ ni àbí kí n má san?

---

Baba Ìbejì:

Ẹ má bínú, ìyàwó mi náà máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún mi.

Ẹ san. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè nǹkan mélòó kan kí ẹ tó san. Ẹ béèrè orúkọ àwọn ọlọ́dẹ, ilé tí wọ́n ń gbé, ẹni tó dúró fún wọn. Ẹ ní kí wọ́n mú fọ́tò wọn lọ fún DPO, kí wọ́n fi ẹ̀dà sí ọ́fíìsì káńsù. Mo mọ àdúgbò kan tí ọlọ́dẹ wọn ló ń sọ fún àwọn olè nípa ilé tí wọ́n ti rìnrìn àjò. Ọdún kejì ni àṣírí tú, kò sì sẹ́ni tó mọ orúkọ bàbá rẹ̀. Ẹ gba rìsíìtì. Kí ẹ sì sọ ọ́ létí gbogbo ìpàdé pé bí ọwọ́ bá tẹ ẹnikẹ́ni, tésàn ni kí wọ́n mú un lọ. Ẹni tí wọ́n bá fi táyà sun ládùúgbò yín, ẹ̀yin tí ẹ dáwó lẹ máa kọ́kọ́ ṣàlàyé fún ọlọ́pàá, bó sì ṣe máa ń rí, ọmọ ọlọ́mọ tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ ni wọ́n máa ń pa.

Ọ̀rọ̀ gééètì ńkọ́? Ó dájú pé ẹnì kan á dá a lábàá lọ́jọ́ Sátidé. Gbogbo àdúgbò l'Óṣogbo ti di gééètì báyìí, láti Dada Estate títí dé àwọn ibi tí kò tíì lọ́nà pàápàá. Mi ò kórìíra gééètì. Ohun tí mo kórìíra ni gééètì tí wọ́n tì ní aago mẹ́wàá alẹ́ tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lápò ẹnì kan tó ti sùn. Aláboyún ò mọ aago mẹ́wàá. Mọ́tò panápaná kò lè fo gééètì. Títì ìjọba sì ni, kì í ṣe ti ẹgbẹ́ onílé. Kí wọ́n tó gbé irin dábùú rẹ̀, ó yẹ kí káńsù mọ̀, kí ìwé wà, kí ẹni tó ń ṣọ́ ọ wà lójúfò.

---

Ìyá Aláṣọ:

Ti gééètì yẹn! Àbúrò mi rọbí lóru, a fi òkúta fọ́ kọ́kọ́rọ́. Alága onílé ní kí a san án pa dà.

---

Baba Ìbejì:

Ẹ san án? Ẹ má san án.

Ẹ jẹ́ kí n pa dà sórí ilé àkọ́patì, nítorí òun ló ń dùn mí jù, òun náà ni àwọn ènìyàn kì í sọ̀rọ̀ lé lórí. Ní Philadelphia, ní Amẹ́ríkà, wọ́n mú àwọn ilẹ̀ tí wọ́n pa tì, wọ́n kó ìdọ̀tí ibẹ̀, wọ́n gbin koríko, wọ́n fi igi kékeré yí i ká. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2018, ìyìnbọn ní àwọn àdúgbò tálákà níbẹ̀ ti dín ní ìdá 29 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ wo bí iye rẹ̀ ti kéré tó lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó mọ́tò Hilux kan ṣoṣo tí a ń rà fún ètò ààbò.

Tiwa le díẹ̀, torí pé ilẹ̀ àti ilé wọ̀nyí ní ìtàn. Bàbá kú, ọmọ mẹ́sàn-án ń jà sí i. Tàbí ẹni tó wà nílùú òyìnbó fi owó ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀gbọ́n kọ́ ọ dé líńtẹ́lì, ó fi ìyókù fẹ́yàwó. Òfin fún ẹ̀ka ìlera káńsù lágbára láti fún onílé ní ìwé pé kó wá tún un ṣe, kó gé igbó, kó dí ojú fèrèsé, bí kò bá ṣe é kí wọ́n gbé e lọ ilé ẹjọ́. Èmi fúnra mi mú irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ fún onílé kan nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Inú ilé yẹn làwọn ọmọ kan ti ń fa igbó, tí wọ́n ń gba báàgì àwọn ọmọbìnrin tó ń bọ̀ láti lẹ́sìnnì. Kí n tó pa dà dé ọ́fíìsì, fóònù ti dé láti òkè: kí n lọ gba ìwé yẹn pa dà, ẹni ńlá ló ni ilé. Mo gbà á. Ilé yẹn wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún sí i, àwọn ọmọ yẹn dàgbà nínú rẹ̀, àwọn mìíràn rọ́pò wọn.

Ìdí nìyí tí mo fi ń rẹ́rìn-ín tí wọ́n bá ní owó ni kò jẹ́ kí káńsù ṣiṣẹ́. Bébà lásán ni ìwé yẹn. Kò ná wa ní nǹkan kan.

---

Fẹ̀yìntì Ọlọ́pàá:

Èyí, mo gbà á. Ọ̀kan náà ni àwọn ibi ọtí. Tí a bá ya mápù ìjà ẹgbẹ́ òkùnkùn, ibi ọtí àti páàkì ló máa ń bẹ̀rẹ̀ sí. Àwọn ọmọ Yahoo ńkọ́?

---

Baba Ìbejì:

Ti Yahoo, ẹ fi í fún EFCC, káńsù ò lè ṣe nǹkan kan nínú ìyẹn.

Ti ibi ọtí, ọ̀gá, ẹ ti sọ ọ́ tán. Àṣẹ wà lọ́wọ́ káńsù. Wọ́n sọ ọ́ di owó, wọn ò sọ ọ́ di òfin. Ẹni tó ń ta kólórádò, oògùn olóró, lábẹ́ tábìlì pẹ̀lú ẹni tó ń ta mínírà, iye kan náà ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wọn, kò sẹ́ni tó wo aago tí wọ́n ń tì. Páàkì náà bẹ́ẹ̀. Àwọn tí wọ́n mọ orúkọ awakọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹgbẹ́ awakọ̀ ni, kì í ṣe káńsù tó ni páàkì. Tí ọ̀kadà kan bá gbé olè sá lọ lónìí ní Old Garage, ta ni ẹ óò bi?

Ọ̀kan ṣì kù tí àwọn èèyàn fi ń ṣàwàdà: nọ́ńbà ilé. Ẹ pe 112 ní aago méjì òru, kí ẹ wá ṣàpèjúwe ilé yín. "Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ óò rí igi máńgòrò, ẹ yà lọ́wọ́ òsì, ilé tí wọ́n kọ 'kì í ṣe fún títà' sí." Ilé mẹ́rin ni wọ́n kọ ìyẹn sí lára! Kí ọlọ́pàá tó rí i, olè ti dé Ìkìrun. Kíkọ orúkọ títì àti nọ́ńbà, iṣẹ́ káńsù ni nínú òfin, ọ̀dà àti bùrọ́ọ̀ṣì ló gbà.

---

Ayálégbé:

Ó dáa. Mo fẹ́ mú un lọ sípàdé kí a kọ̀wé. Ta ni kí a kọ ọ́ sí?

---

Baba Ìbejì:

Alága káńsù, kí ẹ fi ẹ̀dà fún olórí ẹ̀ka ìlera àti DPO. Ẹ má kọ "ètò ààbò kò dára ládùúgbò wa", wọ́n á fi í sínú fáìlì. Ẹ kọ ohun tí ojú rí: òpó iná tó ti kú, ẹ̀gbẹ́ ilé ta ni, ilé àkọ́patì wo, ta ni ẹ gbọ́ pé ó ni ín, títì wo ni kò lórúkọ. Ẹ ya fọ́tò mọ́ ọn. Kí àwọn ayálégbé náà fọwọ́ sí i, kì í ṣe onílé nìkan, torí ẹ̀yin lẹ pọ̀ jù nígbà ìbò, wọ́n sì mọ̀. Kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tiyín kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Akọ̀wé á ní òǹtẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀gá tó jáde. Ẹ jókòó dè é.

Ẹ wádìí dáadáa o bóyá abẹ́ Òṣogbo ni títì yín wà àbí abẹ́ Ọlọ́rundá. Tí ẹ bá mú ti Ìgbọ̀nà lọ Òkè-Baálẹ̀, wọ́n á fi ayọ̀ gbà á lọ́wọ́ yín, wọ́n ò sì ní sọ fún yín.